Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Lórí Iṣẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Àjùmọ̀lò Dá Dúró

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, tí ó ń ṣe ìwádìí lórí àmì ohùn Yorùbá ní yunifásítì kan lókè òkun, pè mí lórí fóònù. "Ẹ kú ilé o, sà. Gbogbo iṣẹ́ mi ni kọ̀ǹpútà ti dá dúró." Iṣẹ́ 300 ni, fáìlì kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ti tú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀rọ sì tún dá wọn dúró. Ẹnìkan wá gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ gbogbo àmì kúrò nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kó jọ. Ìwádìí lórí àmì ohùn, kí a yọ àmì ohùn! Ìmọ̀ràn yìí ni ó mú mi gbé gègé.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀, tí ọ̀pọ̀ olùwádìí jọ ń lò, ni ọmọ yìí ń bá ṣiṣẹ́. HTCondor ni ètò tí ó ń pín iṣẹ́ fún wọn. Yunifásítì Wisconsin ní ìlú Madison, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1988. Condor ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2012.

Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Iṣẹ́ tí ó ń dúró yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a dá dúró. Ẹni tí ó ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì kò jọ ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lójú ọ̀nà. Lẹ́tà I ni HTCondor fi ń ṣàmì sí ti àkọ́kọ́: sùúrù ni ó fẹ́. H ni ó fi ń ṣàmì sí èkejì. Èyí kì í sábà kúrò lójú kan àfi bí ẹnìkan bá ṣe nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí sàn ju ọlọ́pàá mìíràn lọ, nítorí ó máa ń sọ ẹ̀sùn rẹ̀. Bí a bá tẹ condor_q -hold, ìdí tí ó fi dá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dúró yóò jáde.

Ọmọ yìí kò kà á. condor_release ni ó ń tẹ̀ ṣáá. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ẹlòmíràn ṣòfò, nítorí ohun àjùmọ̀lò ni. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà gba mẹ́mórì ju èyí tí a béèrè fún lọ, a lè fi condor_qedit yí iye náà padà kí a tó tú u sílẹ̀. Èyí kò le.

Tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ní òun kò rí fáìlì tí ó dárúkọ, bẹ́ẹ̀ fáìlì náà wà níbẹ̀ lójú rẹ̀ kedere. Nínú Unicode, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. A lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ tí a fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé lórí, tàbí ò tí a fi àmì sí lábẹ́, tàbí kí a to o àti àmì méjèèjì ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú Linux, tí ó ń fi orúkọ fáìlì wéra ní báìtì kọ̀ọ̀kan, orúkọ mẹ́ta ni. Kọ̀ǹpútà kan ni ó fi kọ orúkọ sára àwọn fáìlì, òmíràn ni ó fi tẹ ìwé àṣẹ iṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní, kí ni àmì já mọ́? Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára igba, igbá, ìgbà àti igbà, kí wọ́n wá sọ èyí tí ó kù fún wa. Ẹ̀rọ tí a bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa kọ Yorùbá tí kò ní ohùn fún àwọn ọmọ tí ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la yóò kọ́. Orúkọ fáìlì ni ó ní àìsàn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Mo ní kí ó fi nọ́ńbà lásán sọ àwọn fáìlì lórúkọ, kí ó sọ gbogbo àmì inú wọn di irú kan ṣoṣo nínú Unicode, kí ó má sì yọ ẹyọ kan. Ó pa àwọn iṣẹ́ àtijọ́ rẹ́ pẹ̀lú condor_rm. Ó fi 1 ránṣẹ́ ná. Nígbà tí ìyẹn parí láìsí H, ó fi 299 tí ó kù ránṣẹ́.