Ilé Ni Wọ́n Ń Wá
Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó ní ìlú Ọba. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá kan tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe a gbé báàgì rẹ̀, a ní òun ń relé. Mo ní kí wọ́n tilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilẹ̀kùn nìkan kò tó.

Ó sọ ti George Herbert, sójà ogun Normandy tí ìgbàgbé mú sọnù, tó kú níbi tó ti ń wá ilé ìgbà èwe rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ọlọ́pàá fi sọ ìwé tí ẹbí ń kọ sílẹ̀ ṣáájú: fọ́tò, oògùn, àdírẹ́sì àti ibi iṣẹ́ àtijọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè lónìí: ilé wo ló wà lọ́kàn wọn? Ẹni tó mọ ibi tí àgbà ń lọ ni yóò pàdé rẹ̀ lọ́nà.