Gọ́ọ̀lù Fontaine Kì í Ṣe Ọjà Pọ́ọ́kú

Mo tún ti gbọ́ ọ. A kì í wo bọ́ọ̀lù tán kí ẹnìkan má yọ ẹnu síta, kó ní gọ́ọ̀lù 13 tí Just Fontaine ará Faransé gbá ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 1958 kò já mọ́ nǹkan kan, pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn láyé ìgbà yẹn kò mọ iṣẹ́, pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní ẹsẹ̀ méjì ni yóò gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò wo ìṣẹ́jú márùn-ún rí nínú ìdíje náà. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn tí òun náà kò wò ó.

Ó dáa, gọ́ọ̀lù pọ̀ nígbà náà, mi ò jiyàn. 126 ló wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 35 ní Sweden. Ní Qatar lọ́dún 2022, 172 nínú 64. Ṣùgbọ́n ta ló tẹ̀lé Fontaine ní 1958? Pelé àti Helmut Rahn ará Jámánì ni. Mélòó lẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbá? 6. Mo ní mẹ́fà! Bí òjò bá rọ̀ sí oko gbogbo àdúgbò, tí iṣu ẹnìkan ṣoṣo wá ta ní ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù, ṣé òjò lẹ máa yìn?

Ẹ máà tíì lọ. Ẹ ó ní 4 nínú 13 náà, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ló gbá a sí, lọ́jọ́ tí wọ́n ń du ipò kẹta tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ku 9, ó ṣì ju 8 tí Mbappé fi gba bàtà wúrà ní Qatar. Ọkàn yín kò tíì balẹ̀? Ẹ yọ 3 tó gbá sí Paraguay náà, torí 7-3 lọjọ́ yẹn parí sí, ẹ sì lè ní Paraguay ń sùn. Ó ku 6: méjì sí Yugoslavia, ọ̀kan sí Scotland, méjì sí Northern Ireland, ọ̀kan sí Brazil tó gba ife náà gan-an. Ẹ ti gba èyí tó ju ìdajì lọ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, síbẹ̀ ó bá Pelé dọ́gba! Kò sì sí pẹ́nárítì kankan níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fún Faransé lọ́jọ́ Jámánì, Kopa ló gbá a.

Bí gọ́ọ̀lù àtijọ́ bá jẹ́ ọjà pọ́ọ́kú, kí ló wá dé ní Chile lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà? Irú bàtà kan náà, irú bọ́ọ̀lù aláwọ kan náà, ẹnikẹ́ni kò gbá ju 4 lọ. Ní 1954 pàápàá tí gọ́ọ̀lù 140 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 26, Sándor Kocsis ará Hungary tó gbá jù, 11 ni tirẹ̀.

Ti pé àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kò mọ iṣẹ́: kò sí káàdì yẹ́lò tàbí pupa títí di 1970. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ èèyàn ṣe. Lọ́jọ́ Brazil, ẹsẹ̀ Robert Jonquet ará Faransé kán, kò sì sí òfin pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fontaine fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń kán ló mú un fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 28.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí gọ́ọ̀lù ṣe tó, kó wo iye tí àwọn tó wà lórí pápá kan náà gbá. Kí ló ṣòro níbẹ̀?

Ìsọkúsọ yìí náà ni wọ́n fi ń bu Ndaye Mulamba kù, tó gbá 9 fún Zaire ní Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Ejibiti lọ́dún 1974. Orílẹ̀-èdè 8 péré ló kópa. Wọ́n tún àṣekágbá gbá. Òun ló gbá gọ́ọ̀lù Zaire méjèèjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ló gbá méjèèjì lọ́jọ́ kejì. Nínú ìdíje 2023 tí orílẹ̀-èdè 24 wà níbẹ̀, Emilio Nsue tó gbá jù, 5 ni. Ẹni tó bá ní Zambia tó pàdé lọ́jọ́ àṣekágbá kò mọ ẹ̀yìn ṣọ́, kó kọ́kọ́ dárúkọ mẹ́ta péré fún mi nínú àwọn tó ṣọ́ ọ. Mo dúró.