Ẹ Dá Yorùbá Padà Sórí CV Yín

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, ẹ kú ìnáwó dátà. Kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù là ń sọ o. Iṣẹ́ dátà là ń sọ: kí èèyàn kó àkọsílẹ̀ jọ, kó tún un ṣe, kó sì fi kọ̀ǹpútà wá ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wá irú iṣẹ́ yìí báyìí. A ti wo CV tí ẹ fi ń wá a, inú sì ń bí wa.

Ìdí rèé. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú àwa tí à ń kọ èyí gbé CV rẹ̀ lọ bá ẹnì kan tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti wáṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà fa bírò pupa gba orí "Yorùbá" kọjá. Ó ní, "Kọ B.A., kó o dákẹ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá rí Yorùbá, wọn ò ní kà á dé ìsàlẹ̀." Ọ̀rẹ́ wa gbà. Ó yọ Yorùbá, ó yọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó wá fi Titanic dípò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Titanic yìí. Ọkọ̀ ojú omi tó rì ní 1912 ni. Àìmọye ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ dátà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti fi àkọsílẹ̀ èrò 891 inú rẹ̀ kọ́ṣẹ́: ta ló kú, ta ló yè? Ó dára fún ìkọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ilé amọ̀ tó mọ nígbà tó wà lọ́mọdé wá iṣẹ́ bíríkìlà? Ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ti rí Titanic títí ó fi sú u.

Kí wá ni ọ̀rẹ́ wa yọ kúrò? Ìpolówó ọjà ni. Ó lọ sí ọjà mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó, ó sì fi fóònù gba ìpolówó 212 sílẹ̀. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Excel pẹ̀lú àmì ohùn. Ó ya òpó ọ̀tọ̀ fún irú ọjà, ọ̀tọ̀ fún aago, ọ̀tọ̀ fún ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó rí i pé òun ti kọ 14 lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ wọ́n. Ó tún ní kí ẹlòmíràn tẹ́tí sí 50 nínú wọn, kó lè mọ̀ bóyá etí òun ń tan òun jẹ. Ẹ̀yin ará, bí èyí kì í bá ṣe iṣẹ́ dátà, kí ni ká máa pè é?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́bírò pupa. Ẹ wo bí ọ̀rẹ́ wa ṣe kọ iṣẹ́ ọ̀hún sórí CV tẹ́lẹ̀: "Mo ṣe ìwádìí lórí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá." Ó parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú oòrùn, gbólóhùn kan ṣoṣo, kò sí iye, kò sí irinṣẹ́, kò sí àbájáde. Lókè rẹ̀ ló wá kọ pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, pé òun mọ bí a ti ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwa tí a kọ́ oríkì ní kíláàsì! Apohùn tó bá ń ki èèyàn kì í sọ pé èèyàn dáadáa ni kó wá jókòó. Á dárúkọ ìlú, á dárúkọ ogun tó jà, á dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé rẹ̀. Àpọ́nlé tí kò ní ẹ̀rí kò tà lójúde, kò sì lè tà lórí CV.

Ohun mẹ́rin ni kí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ: kí lẹ ṣe, kí lẹ fi ṣe é, mélòó ni, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyí: "Mo gba ìpolówó 212 sílẹ̀ ní ọjà mẹ́ta, mo yọ àtúnkọ 14, mo fi Python ka iye ọ̀rọ̀ inú èyí tó kù, mo rí i pé ìpolówó òwúrọ̀ kúrú ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ." Kẹ́ ẹ wá fi ojú ìwé GitHub yín sí i, níbi tí iṣẹ́ náà wà.

Nǹkan mìíràn tó ń bí wa ni ọ̀pá aláràbarà tó ń sọ pé ẹ mọ Python dé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún kí ni? Ta ló wọ̀n ọ́n? Ẹni tó fẹ́ fi ìṣirò jẹun ò gbọdọ̀ kọ iye tí kò nídìí. Ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀ àti fọ́tò pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kó wọ ojú ewé kan. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣa CV ṣáájú èèyàn, àwòrán àti òpó méjì sì lè dà á lójú rú. Bí ìpolówó iṣẹ́ bá dárúkọ SQL, tẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹ kọ SQL gẹ́lẹ́. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ kọ́ ọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò tilẹ̀ ní tó ogún ìṣẹ́jú.

Àwọn kan á ní, "Kí ni báńkì fẹ́ fi àmì ohùn ṣe?" Ó lè má fi ṣe nǹkan kan. Àmọ́ "Adébáyọ̀", "Adebayo" àti "ADEBAYO" lè wà nínú ìwé báńkì kan náà. Ṣé oníbàárà kan ni, àbí mẹ́ta? Lẹ́tà ọ́ nìkan lè wọ kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà mẹ́ta, ó kéré tán: ọ tí a fi àmì òkè lé lórí, ó tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, tàbí o lásán tí a fún ní méjèèjì. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò jọra, àfi bí ẹnì kan bá sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwa tá a ti ń bá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jìjàkadì láti ọdún àkọ́kọ́, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé àmì kékeré lè ba àkọsílẹ̀ jẹ́?

Ẹ tún wo MENYO-20k tó jáde ní 2021: gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá, ó lé ní 20,000. Ẹ wo MasakhaNER, ọdún kan náà, tí Yorùbá wà lára èdè Áfíríkà mẹ́wàá inú rẹ̀. Ẹ wo NaijaSenti ti 2022, tó kó ọ̀rọ̀ orí Twitter jọ ní Haúsá, Ìgbò, Píjìn àti Yorùbá. Ẹni tó gbọ́ èdè ló jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ká fi pa mọ́ làwọn ẹlòmíràn ń wá kiri.

A ò sọ pé Yorùbá nìkan tó. Kò tó. Ẹ kọ́ Python, ẹ kọ́ SQL, ẹ má sá fún ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó ká apá mọ́ra, tó tún fi orúkọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa mọ́, ta ni yóò gbé e?

Ọ̀rẹ́ wa ti dá Yorùbá padà. Ó ti jẹ́ kí Titanic rì lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ kò tíì dé, a ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè é lọ́la, yóò lè dáhùn ìbéèrè lórí gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣí tiyín lálẹ́ yìí. Ìlà mélòó lẹ lè dáhùn fún?