Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Tètè Kọ́ Iṣẹ́ Lésà Yìí

Olóòtú,

 

Ọdún 31 ni mo fi tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Nínú àwọn aláwọ̀ àtijọ́ tó yọ ìkùn sẹ́yìn, iná tó ju 20,000 fóòtì lọ ló ń ti ẹ́lẹ́ktíróònù láti ọrùn ìgò lọ sójú rẹ̀. Iná yẹn ti gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má wí pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ nílé ìwòsàn, ẹ́lẹ́ktíróònù lòun náà ń lé, àmọ́ agbára tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Èyí tó ga jù ń gba ilẹ̀. Ọ̀kan wà ní Stanford ní Amẹ́ríkà tó gùn ju kìlómítà 3 lọ, láti 1966. Páìpù bàbà ni wọ́n fi ṣe é. Bí a bá fi agbára púpọ̀ sí i lójú kan, iná á ta. Ní 1979, Tajima àti Dawson kọ̀wé pé lésà lè ṣe é lọ́nà míràn. Bí lésà líle bá gba inú gáàsì tí iná ti tú ká kọjá, ìgbì á tẹ̀lé e, bí ó ti ń tẹ̀lé ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀sà. Ẹ́lẹ́ktíróònù tó bá gun ìgbì yẹn, eré burúkú ni yóò sá. Àwọn míràn ń tan lésà sójú irin tí wọ́n fín ní ìlà wínníwínní, kí ìgbì náà máa sáré lójú irin. Ní Berkeley, ní 2019, ẹ́lẹ́ktíróònù gba agbára tí fóòtì bílíọ̀nù 7.8 ìbá fún un, láàárín sẹ̀ǹtímítà 20 péré! Kò gùn tó apá mi. Òótọ́ ni pé lésà tó ṣe é gba odindi yàrá, iṣẹ́ ìwádìí ló sì ṣì jẹ́.

Àwọn kan ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn mí o. Àbúrò mi obìnrin lọ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ọ̀sẹ̀ méje ló fi ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́, òyìnbó tí yóò tún un ṣe kò tíì dé. Kí ó tó dé, a ti sin ín.

Bí ti lésà yìí bá kéré tán lọ́jọ́ kan, wọn á tà á fún wa, a ó tún máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ láìlè ṣí i. Ìsinsìnyí tí àwọn tó ń ṣe é ṣì ń wá ọ̀nà ló yẹ kí àwọn tiwa wà láàárín wọn. Ọ̀gá yunifásítì tó bá ń ka ìwé yìí, ẹ fi ọmọ físíìsì márùn-ún péré ránṣẹ́, kí wọ́n sì mú súkúrúdíráfà dání.

Èmi ni tiyín,
Atún-tẹlifíṣọ̀n-ṣe tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.