Èdè Japan: Sọ́ọ̀bù Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè Japan, orúkọ àwọ̀ àti ti ẹranko ni ìwé sábà máa ń kọ́kọ́ kó fún un. Kí ni àlejò fẹ́ fi "erin" ṣe ní Tokyo? Sọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń wọlé ni wọn yóò kí yín, "irasshaimase"; ẹ má dààmú, wọn ò retí èsì. Ibi tí ẹ ti fẹ́ sanwó gan-an niṣẹ́ wà. Láti oṣù keje ọdún 2020 ni òfin ti ní kí wọ́n máa gba owó ọ̀rá, nítorí náà wọn yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ "fukuro". Bó bá jẹ́ oúnjẹ inú ike lẹ rà, wọ́n á tún ní, "atatamemasu ka?", ṣé kí àwọn bá yín mú un gbóná? Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ní "onegaishimasu". Bí ẹ ò bá fẹ́, "daijōbu desu" ti tó. "Iie", ìyẹn "rárá", tí gbogbo ìwé ń kọ́ni máa ń le létí díẹ̀. Èyí tó wúlò jù lójú tèmi ni "sumimasen": ẹ lè fi pe ẹni tó ń tajà, ẹ lè fi tọrọ àforíjì bí ẹ bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú rélùwéè, ẹ sì tún lè fi dúpẹ́.