Jẹjẹrẹ ọpọlọ: Ọ̀nà tuntun ń là, àmọ́ ṣé yóò dé Sotega?

Bí orí bá ń fọ́ èèyàn láràárọ̀ ní Sotega, nílùú Libreville tó jẹ́ olú ìlú Gabon, ibà ló ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn.

Àmọ́ bí ẹ̀fọ́rí náà kò bá lọ, tí èébì, gìrì tàbí àìlera apá kan ara tẹ̀lé e, ó lè jẹ́ pé kókó ló ń dàgbà nínú ọpọlọ.

Glioblastoma ló wọ́pọ̀ jùlọ, tó sì le jùlọ, nínú jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpọlọ àgbàlagbà.

Kí ni àwọn onímọ̀ ń wá nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀?

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara ni àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń pè ní microtubule. Purotéènì tubulin ló para pọ̀ di ọ̀pá náà. Òun ló gbé sẹ́ẹ̀lì ró, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì.

Ara máa ń fi àmì kéékèèké sí tubulin lára, ó sì máa ń yọ wọ́n. Àwọn àmì yìí wà lára ohun tó ń darí iṣẹ́ ọ̀pá náà.

Nínú glioblastoma, ètò yìí máa ń dàrú. HDAC6, tó ń yọ ọ̀kan lára àwọn àmì náà, máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú yàrá ìwádìí, bí wọ́n bá dí HDAC6 lọ́wọ́, ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà máa ń dínkù.

Ṣé ohun ìjà yìí jẹ́ tuntun?

Rárá. Ara òdòdó kan tó jẹ́ ti Madagascar, nílẹ̀ Áfíríkà níbí, ni wọ́n ti rí vincristine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1963. Microtubule ló ń kọlù. Bẹ́ẹ̀ náà ni paclitaxel, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1992.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, tí kì í jẹ́ kí oògùn méjèèjì wọlé dáadáa.

Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ Northwestern University ní Chicago fi ẹ̀rọ ultrasound ṣí odi náà fún aláìsàn 17. Paclitaxel tó wọ ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn.

Kí ló wà nílẹ̀ báyìí?

Iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú onítànṣán àti oògùn temozolomide ni. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára aláìsàn 573, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2005, ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán àti oògùn náà lo ju oṣù 14.6 lọ. Oṣù 12.1 ni fún àwọn tó gba ìtànṣán nìkan.

Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, ìdá 26.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba méjèèjì ṣì wà láàyè, nígbà tó jẹ́ ìdá 10.4 péré fún àwọn yòókù.

Áfíríkà kò ṣàìní onímọ̀. Lọ́dún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ wà ní Akanda, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Libreville.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí àyẹ̀wò ọpọlọ ṣe kò lè mọ̀ pé òun nílò ìtọ́jú onítànṣán, ká má tíì sọ oògùn tuntun. Bí oògùn bá ti ẹ̀ gba odi ọpọlọ kọjá, odi owó ṣì wà níwájú aláìsàn Sotega. Ọwọ́ ìjọba ni wíwó ìyẹn wà.