Mọ́tò Ẹlẹ́ni Méjì Kì Í Ṣe Ìnákúnàá

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí. Bí ọmọ Yorùbá kan tó ń ka yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé òun fẹ́ fi owó tí òun fi iṣẹ́ alẹ́ kó jọ ra Mazda MX-5 àlòkù, mọ́tò ẹlẹ́ni méjì tí wọ́n máa ń ṣí òrùlé rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ẹbí yóò jókòó lé e lórí. Àǹtí á ní, "Ibo lo fẹ́ kó èèyàn sí?" Bọ̀ọ́dá á ní ọmọ náà kò mọ ohun tó gbé e wá sókè òkun. Dádì á pè láti Ìbàdàn: "Ṣé torí ìyẹn la ṣe ta ilẹ̀?"

Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá lọ fọwọ́ síwèé gbèsè ọdún mẹ́rin nítorí jíìpù dúdú kan tó tóbi ju yàrá tó ń gbé lọ, ẹ óò gbọ́ "Kú oríire! Ọlọ́run á dá a sí!" Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi sórí WhatsApp ẹbí, àdúrà á rọ̀.

Ìdájọ́ yìí ni mo fẹ́ bá jà. Mo ní ẹni tí ẹ ń pè ní onínàákúnàá kọ́ ni onínàákúnàá. Ẹni tí ẹ ń kí kú oríire ni kẹ́ ẹ lọ bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. MX-5 kì í ṣe nǹkan ìṣeré àwọn ọlọ́rọ̀, wọn ò tiẹ̀ ṣe é fún wọn. Ní ọdún 1979, oníròyìn mọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, Bob Hall, sọ fún Kenichi Yamamoto, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹlẹ́rọ ní Mazda, pé kí wọ́n ṣe mọ́tò kékeré tó fúyẹ́, tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, tí apá mẹ̀kúnnù á sì ká. Irú rẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ti ń lọ sópin nígbà náà. MGB àti Triumph Spitfire, ọdún 1980 ni àwọn méjèèjì kógbá sílé. Oṣù kejì ọdún 1989 ni Mazda gbé tiwọn jáde níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Chicago. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹṣin 115 lọ, ara rẹ̀ kò sì tó 1,000 kìlógíráàmù. Iná iwájú rẹ̀ máa ń yọ jáde bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, wọ́n ṣe èyí tó pé mílíọ̀nù kan. Guinness World Records sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí mọ́tò asáré ẹlẹ́ni méjì mìíràn tó tà tó o láyé.

Kí ni ìtumọ̀ mílíọ̀nù kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tí àpò rẹ̀ fẹ́lẹ́? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé páàtì rẹ̀ wà níbi gbogbo, tuntun àti àlòkù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mẹkáníìkì àdúgbò ti tú irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ní súúrù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá dé orí ẹ̀sùn wọn.

Ẹ̀sùn kìíní: "Àga méjì péré!" Ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ńlá kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kẹ́ ẹ ka orí. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń kọjá, awakọ̀ nìkan ni ẹ óò rí, òun àti báàgì rẹ̀. Àga mẹ́rin ló ṣófo, bẹ́ẹ̀ ó ń ra epo tó ń gbé wọn kiri, ó sì ń san gbèsè lé wọn lórí. Ta ló wá ń ṣòfò nínú ẹni tó ra àga mẹ́rin tí kò lò àti ẹni tó ra èyí tó ń lò gan-an? Ọjọ́ tí èèyàn mẹ́rin bá fẹ́ lọ sóde ìgbéyàwó ní Manchester, ọkọ̀ ojú irin wà, mọ́tò ìháyà sì wà. A kì í torí ọjọ́ ọdún kan ṣoṣo ra ìkòkò àsè sínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́.

N kò sọ pé gbogbo èèyàn ni kó rà á o. Ẹni tó bá ti bímọ, tàbí tó jẹ́ pé òun ló ń gbé màmá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó jìnnà sí i. Ẹni tó bá sì ga gan-an, kó kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ wò kó tó sanwó, torí orí lè kan òrùlé. Àpọ́n tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń ti ilé lọ síléèwé, tó ń ti iléèwé lọ síbi iṣẹ́, ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì: owó. Ibí gan-an ni ẹ̀yin onídàájọ́ ti kùnà jù. MX-5 tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn díẹ̀ ni, ẹ óò san án tán lọ́jọ́ kan, ẹ óò sì gba ìwé yín. Iye tó yẹ kó já nínú rẹ̀ ti já nígbà tó wà lọ́wọ́ àwọn tó lò ó ṣáájú. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, iye tẹ́ ẹ máa tà á lọ́jọ́ iwájú lè máà jìnnà sí iye tẹ́ ẹ rà á.

Ẹ wá wo jíìpù tí ẹ ń kí kú oríire. Ètò tí wọ́n ń pè ní PCP ni ọ̀pọ̀ fi ń gbé e. Ẹ máa san àsansílẹ̀, ẹ máa san oṣooṣù fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó bá wá parí, owó ńlá kan ṣì wà nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ san kí mọ́tò tó di tiyín. Bí ẹ ò bá rí i san, ẹ óò dá a padà. Bí máìlì tẹ́ ẹ rìn bá ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, ẹ óò tún sanwó ìyẹn. Nítorí náà, aṣọ àyálò lẹ ń bá ọmọ yọ̀ lé lórí. Àgbà ló sì kọ́ wa pé aṣọ à-yá-wọ̀ kì í yẹni.

Èmi náà ò ní tan yín o: ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì le. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, owó rẹ̀ lè ju owó mọ́tò gan-an lọ. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ wo mọ́tò kankan, kó má jẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rà á tán. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ohun tí àwọn kan ń ṣe, kí wọ́n kọ orúkọ dádì tàbí bọ̀ọ́dá sílẹ̀ bí ẹni tó ń wà á jù, nígbà tó jẹ́ ọmọ ló ń wà á lójoojúmọ́. Jìbìtì nìyẹn lójú òfin. Ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni ẹ óò mọ̀ pé ẹ ò ní ìnṣọ́ránsì rárá. Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà ńkọ́? Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò ju oṣù méjìlá lọ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti di olùgbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣe ìdánwò tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fi mọ́tò aládàáṣe ṣe ìdánwò yẹn, ẹ ò lè wa èyí tó ń lo jíà ọwọ́. Bẹ́ẹ̀, jíà ọwọ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ MX-5.

Ẹ̀sùn kẹta ló ń bí mi nínú jù: "Ṣekárími ni." Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ṣekárími kì í ra Mazda. Jámánì ló ń rà, kó lè gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí tábìlì nílé oúnjẹ. MX-5 kì í lé ẹnikẹ́ni bá. Mọ́tò tí àwọn ìyá fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé míì máa ń yà á sílẹ̀ lójú títì márosẹ̀. Ìgbádùn tirẹ̀ wà ní ojú ọ̀nà abúlé tó rí wálawàla, pẹ̀lú eré tí ọlọ́pàá kò ní bá ẹnikẹ́ni wí lé. Ọwọ́ ń gbọ́ ohun tí táyà ń sọ. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí ojú. Àwọn ará Jàpáàn tó ṣe é ní orúkọ tí wọ́n ń pe ìmọ̀lára yẹn: jinba ittai, ìyẹn ni pé kí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ara kan.

Ṣé àwa Yorùbá la fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò yé wa? Ní ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹlẹ́ṣin ni agbára ogun Aláàfin. Títí dòní, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, Ìjẹ̀bú-Òde á kún fún èrò níbi Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin jáde, ẹṣin á máa jó, ìlù á máa dún. Ta ló béèrè rí pé èèyàn mélòó ni ẹṣin yẹn lè gbé? Ta ló sọ fún Balógun pé kó lọ ra kẹ̀kẹ́ ẹrù, torí pé ẹrù ni ó máa wúlò fún? Gbogbo wa mọ̀ pé ayọ̀ wà nínú kí èèyàn gun ohun tó mọ̀ ọ́n darí, àyàfi tó bá jẹ́ ọmọ tiwa ló fẹ́ fi owó òógùn ojú rẹ̀ rà á.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ẹ ń fi àlòkù ṣẹ̀sín. Àwa tí a sọ mọ́tò ní tòkunbọ̀! Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí gbogbo Nàìjíríà ń lò fún mọ́tò àlòkù wá láti inú orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun. Ó yẹ kó jẹ́ pé àwa la mọ bí a ṣe ń yẹ àlòkù wò jù.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá àwọn tí à ń jà fún náà wí. Ẹ má torí pé mọ́tò wù yín kẹ́ ẹ di ojú. Ọ̀tá MX-5 kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, ìdógùn-ún ni. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń jẹ irin. Ẹ wo irin abẹ́ ilẹ̀kùn àti irin tó yí táyà ẹ̀yìn ká. Ní ti àwọn tó jáde láàárín 1998 sí 2005, ẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́ ẹ wo ṣáásí iwájú. Ihò tí omi òrùlé ń gbà jáde wà lẹ́yìn àga. Tí ewé bá dí i, omi á dúró sínú irin, irin á sì jẹrà láti inú. Ẹ mú òòfà kékeré dání: ibi tí kò bá ti lẹ̀, fílà ni wọ́n fi bo ibẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt àwọn tó ṣáájú 2005, nǹkan bíi 60,000 máìlì síra ló yẹ kó jẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yẹ ìtàn MOT rẹ̀ wò lórí ìkànnì ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ óò sì rí gbogbo ohun tí wọ́n ti kìlọ̀ lé lórí rí. Tí olówó rẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ má wo abẹ́, ẹ dágbére fún un.

Bí òjò bá rọ̀, ẹ rọra. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti mọ́tò yìí lọ, àwọn tó pẹ́ nínú wọn kò sì ní ẹ̀rọ tó ń dá awakọ̀ dúró kó má yí. Táyà tó dáa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra, ẹ fi rédíò tuntun sílẹ̀.

Ẹni tó sì ń rò pé òun á gbé e relé lọ fi yangàn ní Èkó, kó sinmi. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, òdì kejì sì ni ṣítíárì mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ikùn rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ jù, kòtò kan ṣoṣo ti tó láti fọ́ ọ. Níbi tí ọ̀nà rẹ̀ wà ni kó wà.

Ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin bọ̀ọ́dá, ẹ̀yin òbí wa, a mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yéé kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé ohun tó bá tóbi ni ọgbọ́n, pé gbèsè tó bá ń dán kì í ṣe gbèsè, pé ayọ̀ tí wọ́n san owó rẹ̀ tán ni ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, tó fara balẹ̀ yẹ mọ́tò wò, tó sanwó rẹ̀ pé, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò ṣẹ̀ yín.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bá mi jiyàn, ààyè wà. Kó kọ́kọ́ lọ mú ìwé gbèsè mọ́tò tirẹ̀ jáde, kó ka iye oṣù tó kù, kó wo iye tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà kó padà wá, ká jọ sọ ọ̀rọ̀ ìnákúnàá.